Etí Tó Ń Dá Sípíkà Lẹ́jọ́

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹni tó bá tún sípíkà ṣe kì í gbé e fún onínǹkan àfi tí Síkírù, ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà, bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Àṣà àwọn oníṣẹ́ náà nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ kó ra ẹ̀rọ tó ń wọn ohùn, etí rẹ̀ ni yóò fi hàn án: Síkírù á dijú, á tẹ́tí, á ní, "Ó ti tó," tàbí, "Gbé e padà lọ." Kò sẹ́ni tó ń bá a jiyàn. A kì í kúkú fi ọ̀nà ikùn han ọ̀fun.

Láìpẹ́ yìí, sípíkà ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro. Ti ṣọ́ọ̀ṣì ń han, ti mọ́ṣáláṣí ń han. Àwọn àgbà ní ọ̀làjú ló fà á, àwọn ọ̀dọ́ ní àwọn àgbà ni kò fẹ́ ayọ̀. Ká ṣáà ti rí nǹkan dá lẹ́bi.

Màmá Mọ́ṣádé, tíṣà orin tó ti fẹ̀yìn tì ní Ayépé, ló gbé sípíkà àtijọ́ tí ọkọ rẹ̀ olóògbé fi sílẹ̀ wá, pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ akọrin tí ọkọ náà darí. Ó ní ohùn wọn ti dà bíi ti ẹni tó ń kọrin nínú àpò.

Síkírù tú u. Kírọ́sófà ló ń ṣàìsàn, pátákó kékeré inú sípíkà tó ń pín ohùn: èyí tó ki fún ẹnu ńlá, èyí tó tín-ín-rín fún ẹnu kékeré. Kapásítọ̀, èròjà tó ń jẹ́ kí ohùn tín-ín-rín kọjá, ti gbẹ lára rẹ̀. Ó fi lẹ́ẹ̀dì jó tuntun tó dára ju ti àtijọ́ lọ mọ́ ọn, ó tẹ́tí. Ẹnu kékeré kò fọhùn. Ni ó bá yọ rẹsítọ̀ tó jẹ́ ìjánu ẹnu kékeré náà dànù, bó ti máa ń ṣe fún gbogbo ènìyàn báyìí. Ìgbà yẹn ló tó gbọ́ ọ fín-ín-fín. Inú rẹ̀ dùn.

Nígbà tí màmá dé, tó sì tan án, màmá fi ọwọ́ méjèèjì di etí.

"Bàbá Ameenat," ló ké sí Síkírù, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á."

"Ṣé kò tíì dún tó ni, màmá?"

Jessica, aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù wọn jọ fara kanra, yọjú lójú fèrèsé. "Bó ṣe máa ń dún nìyẹn, màmá. Ara wa ti gbà á."

Màmá wo Síkírù títí. Ó ní kó dín ohùn náà kù, kó sì dá orin padà sí ìbẹ̀rẹ̀. "Agogo tín-ín-rín kan wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ọ, ẹ nawọ́ sókè."

Síkírù dijú. Àwọn ọkùnrin gbé orin, àwọn obìnrin gbè é, orin parí. Nígbà tó lajú, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí itan. Ọwọ́ Jessica ló wà lókè lójú fèrèsé. Jessica yára sọ ọ́ kalẹ̀.

Ẹ̀rù ba Síkírù gidigidi. Iṣẹ́ wo ló kù fún un láyé tí kì í ṣe etí yìí? Ó lè ní kásẹ́ẹ̀tì ló bàjẹ́. Ó ti la ẹnu pàápàá.

"Ẹ jókòó, màmá," ló wá sọ. "Ẹ bá mi gbọ́ ọ."

Ó ń jó rẹsítọ̀ kan mọ́ ọn, ó ń tú u, ó ń jó òmíràn. Ojú màmá ló ń wò. Bí ojú náà ṣe ń rọ̀ ni ẹnu kékeré ń kú lọ létí tirẹ̀, títí màmá fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọkọ rẹ̀ gbe orin lábẹ́lẹ̀, tó sì ní kó má fọwọ́ kàn án mọ́.

Nígbà tí màmá lọ, Síkírù pe Fálolú lórí fóònù, àgbà nínú àwọn oníṣẹ́ tó ń gbé sípíkà wá.

"Gbogbo sípíkà tí mo ti sọ pé ó ti tó," ló wí, "ẹ tún wọn wò. Etí mi ni kò gbọ́ mọ́."

"A mọ̀, bàbá," Fálolú fèsì. "Ó ti pẹ́ tá a ti mọ̀."