Kúkì Ọjọ́ Ìbí Àánú

Adùnọlá ò jẹ́ kí ṣúgà dé inú ilé rẹ̀ ní Thamesmead East nílùú Òyìnbó lọ́sẹ̀ náà. Óòtì ló kó sórí tábìlì, àti ìyẹ̀fun àlìkámà tí wọn ò bó èèpo rẹ̀, àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti pọ́n kọjá ààlà. Ó rẹ dàbínù sómi gbígbóná, ó sì lọ̀ ọ́ kúnná kó lè dípò ṣúgà. Ẹ̀pà ì bá ta sánsán níbẹ̀, àmọ́ ó mọ̀ pé ẹ̀pà máa ń bá àwọn ọmọ kan jà, ló bá rin àgbọn sí i.

Àánú, ọmọ rẹ̀, ló kọ́ ọ nírú kúkì yìí. Eyín ló ń dun ọmọ náà, dókítà eyín sì ní kí wọ́n jáwọ́ nínú bísíkíìtì inú ọ̀rá. Láti ìgbà náà, ìyá àtọmọ a máa po tiwọn fúnra wọn, Àánú a sì máa lá ṣíbí bí ẹni pé wọ́n fi ebi pa á. Lẹ́yìn náà ni ibà dé. Wọ́n ní kò le. Ọ̀sẹ̀ yẹn ò tíì parí tí wọ́n fi pe Adùnọlá sí yàrá kékeré kan ní ọsibítù, tí wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Nínú ìjọ Aládùúrà tó ń lọ, ẹni tó bá ń rántí ọmọ rẹ̀ tó ti kú a máa ṣe sàráà fáwọn ọmọdé lọ́jọ́ ìbí ọmọ náà. Lọ́dún tó kọjá, bísíkíìtì ṣọ́ọ̀bù ló pín, wọ́n sì fi ariwo jẹ ẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fẹ́ fi ṣe é. Ó ní ìdí. Láti ọjọ́ ìsìnkú, ọmọdé kankan ò tẹ ilé rẹ̀ mọ́. Àwọn ìyá tó ń fọmọ tì í bí wọ́n bá ń lọ iṣẹ́ alẹ́ ní àwọn ti rí ẹlòmíràn. Ó gbà pé bí àwọn ọmọ bá jẹ ohun tí òun fọwọ́ ṣe, ẹsẹ̀ wọn á tún yà sílé òun.

Lẹ́yìn ìsìn, bàbá ìjọ gbàdúrà lé kúkì náà lórí, àwọn ọmọ tò nínú sùtánà funfun wọn, wọ́n sì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Kò sẹ́ni tó gé e jẹ. Ìyá kan ní ọmọ òun ti yó. Òmíràn ní ṣúgà ò dáa fọ́mọdé, ọmọ tó ti ń lá súwíìtì láti ìgbà ìwàásù! Adùnọlá ṣàlàyé pé kò sí ṣúgà níbẹ̀ rárá. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì ju kúkì sínú báàgì.

Ọmọ kan tó ń jẹ́ Bíyìí nìkan ló jẹ ẹ́. Òun àti Àánú ni wọ́n jọ máa ń ṣeré, ìyá rẹ̀, Rosaline, ló sì di Adùnọlá mú létí sàréè kó má bàa ṣubú. Inú Adùnọlá dùn bí ó ti rí i tí ọmọ náà ń jẹ ẹ́ tayọ̀tayọ̀.

Rosaline sáré dé, ó tẹ́ ọwọ́ sábẹ́ àgbọ̀n ọmọ rẹ̀. "Tu ú síbí."

"Ṣùgbọ́n it's nice, Mummy."

"Mo ní tu ú."

Ọmọ náà tu ú. Rosaline fa Adùnọlá sẹ́bàá ilẹ̀kùn, omijé ti lé ròrò sójú rẹ̀. Ó ní òun fúnra òun ò gba ọ̀rọ̀ àjẹ́ yìí gbọ́, pé àwọn ìyá yòókù ló ń sọ ọ́, pé ẹnì kan tiẹ̀ rí i lójú àlá. Ó ní ká ní inú ọ̀rá ṣọ́ọ̀bù ni, kò sẹ́ni tí ì bá wí nǹkan kan.

"Mummy Àánú, please, má bínú sí mi. Bíyìí nìkan ni mo ní."

Adùnọlá wo ohun tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Èmi náà, Àánú nìkan ni mo ní. Ọwọ́ mi yìí náà ni mo fi ń bọ́ ọ."

Bó ṣe sọ ọ́ tán ló rí i lójú Rosaline pé ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù gan-an nìyẹn.