Gọ́ọ̀mù Ara Maṣíìnì Ìyá

Ẹ fìdí lélẹ̀ dáadáa, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìtàn gọ́ọ̀mù ni mo gbé wá. Bó bá korò létí yín, ẹ má bú mi. Bó ṣe korò náà ni wọ́n ṣe gbé e fún mi.

Ìyá kan wà, aránṣọ ni. Gbogbo ohun tó ní nínú ilé, kútẹ́ẹ̀sì pupa ló fi ń kọ orúkọ ẹni tó máa jogún rẹ̀ sí i lára. "Orúkọ kì í jẹ́ kọ́mọ ìyá jà," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Ara tábìlì maṣíìnì rẹ̀ ló kọ "Ti Àbíkẹ́yìn" sí, torí Àbíkẹ́yìn ló jókòó tì í, tó kọ́ṣẹ́ náà, tó sì ń fi í jẹun.

Ìyá kú. Kí omijé tó gbẹ, ẹ̀gbọ́n Àbíkẹ́yìn ọkùnrin ti kọ orúkọ ara rẹ̀ sí bébà onígọ́ọ̀mù, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀ gẹ́lẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣí i wò! Orúkọ mi wà lábẹ́ ẹ̀!"

"Mi ò rí nǹkan kan. Mò ń lọ mú ọkọ̀ wá. Tí mo bá dé tí mo fojú ara mi rí i, mo gbà. Tí mi ò bá rí i, ìwọ àti abẹ́rẹ́ ọwọ́ ẹ ló kù."

Àbíkẹ́yìn fa bébà náà. Òkè ya, gọ́ọ̀mù kù síbẹ̀, ó le mọ́ igi bí èépá egbò. Omi gbígbóná àti ọṣẹ ò mì ín. Ó wá da òróró ìdáná sí i, ó ń fi àkísà nù ún díẹ̀díẹ̀. Gọ́ọ̀mù bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí ẹni tí wọ́n bẹ̀. "T" yọjú. "I" tẹ̀ lé e.

Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àwọn àgbà ló wí i. Àwọn àgbà ò gbọ́ họ́ọ̀nù ọkọ̀ lẹ́yìn tiwọn. Họ́ọ̀nù dún lẹ́nu géètì. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n sáré wọlé, ó na ìgò kékeré kan.

"Ìbàdí-ìlẹ̀kẹ̀, òróró yẹn máa pẹ́ o! Ẹ gba asitóònù, ẹ̀ẹ̀kan ló ń ṣí gọ́ọ̀mù."

"Ìyàwó wa, o ṣeun, o ò ní ṣìṣe."

Ìkánjú ò jẹ́ kó rò ó. Ó da ìgò náà tán, ó nù ún nínù kan. Gọ́ọ̀mù lọ. Igi mọ́ tónítóní. Àkísà ọwọ́ rẹ̀ pupa fòò.

Omi tí obìnrin fi ń bọ́ kútẹ́ẹ̀sì èékánná ni!

Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó fínnífínní. "Orúkọ dà?"

Àbíkẹ́yìn na àkísà sí i. "Òun nìyí."

"Á jẹ́ pé àkísà lo jogún." Wọ́n gbé maṣíìnì lọ.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi. Ó búra pé gọ́ọ̀mù nìkan lòun rò, pé kútẹ́ẹ̀sì ò wá sọ́kàn òun rárá. Mo wá wo èékánná rẹ̀: mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló fi kútẹ́ẹ̀sì kùn.