Òwú Pupa Méjì, Búlúù Kan

Ọjọ́ iṣẹ́ kẹsàn-án nìyí tí èmi àti Adúmáadán kò bá ara wa sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ la jọ ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ nílé ìfọṣọ rí kò lè mọ bí ìyẹn ṣe le tó. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn gùn, ẹnì kan kò lè dá a ká. Ìwọ á di igun méjì mú, ẹnì kejì á di igun méjì mú, ẹ ó gbọ̀n ọ́n, ẹ ó rìn pàdé ara yín, ìka á kan ìka, ọ̀kan á gba gbogbo igun, èkejì á bẹ̀rẹ̀ mú ìsàlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta lórí aṣọ kan ṣoṣo lẹ ó kojú ara yín. Bí ẹ bá wá ń bínú síra yín, iwájú orí ara yín lẹ ó máa wò bí ẹni ń ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri.

Ata ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́. Adúmáadán ló sọ mí lórúkọ náà, ní ọdún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn, lọ́jọ́ kejì tí mo débẹ̀, nígbà tí mo sọ fún ọ̀gá wa lójú gbogbo èèyàn pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń ya aṣọ sọ́tọ̀. Òun náà kò kúkú tutù. Ó dúdú, ó ń dán, ó sì máa ń fi ẹnu ẹ̀ gé èèyàn wẹ́wẹ́ láìgbé ohùn sókè. Ìyẹn ló jẹ́ kí a bá ara wa mu. A ní òfin kan tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀: ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nílé, ìdí aṣọ la ó ti sọ ọ́, a kò sì ní bù ú kù. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé ọkọ ẹ̀ ń hanrun débi pé ajá aládùúgbò máa ń dá a lóhùn. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ pé ọkọ tèmi kú. Aṣọ mẹ́rìnlélógún la ká kí n tó sọ ọ́ tán, kò já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu, ó kàn ń gba igun aṣọ lọ́wọ́ mi ni. Nígbà tí ọmọ ẹ̀ ọkùnrin fìdí rẹmi nínú ìdánwò lẹ́ẹ̀kẹta, mo ní kí ó má da omijé sára aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi apá nu ojú, a sì mú aṣọ mìíràn.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, obìnrin ni. Lọ́dún méjì sẹ́yìn ó kó ẹrù ẹ̀, ó lọ bá onígbàjámọ̀ kan. Kí n má purọ́, ọkùnrin náà kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ó kàn rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ń bá a wí ni, n kò sì lè gba ìyẹn lọ́wọ́ ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ kò ju orí èèyàn fífá lọ. Mo sọ fún Adúmáadán nídìí aṣọ pé ọmọ náà bú mi, ó ṣílẹ̀kùn, ó lọ.

“Ní sùúrù,” ó wí. “Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì.”

“Tèmi ti já ìlẹ̀kẹ̀ náà dànù,” mo wí. A kò sọ ọ́ mọ́.

Ní oṣù méje sẹ́yìn ló mú ìròyìn ayọ̀ wá. Ó ní ọmọ ìbátan ọkọ òun kan bí ọmọkùnrin. Mo ní wọ́n kú ewu, Ọlọ́run á dá a sí. Mo rò pé ó parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ọmọ yẹn ti di ọmọ àjọbí fún wa nídìí aṣọ.

“Ata, ọmọ yẹn ò jẹ́ kí ìyá ẹ̀ sùn o. Inú ń run ún. Kí ni wọ́n ń ṣe sí i?”

“Kó dojú ẹ̀ bolẹ̀ sórí apá, kó máa rọra gbá a lẹ́yìn. Bí mo ṣe ń ṣe fún tèmi nìyẹn. Òun náà, ariwo ẹ̀ ju ti ẹ̀rọ tí bẹ́líìtì ẹ̀ já.”

Ní ọjọ́ kejì ó ní ọmọ ti sùn, inú mi sì dùn bí ẹni pé èmi ni mo rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Báyìí la ṣe ń bá a bọ̀. Ọmọ rẹ́rìn-ín. Ọmọ kọ ọmú fún odindi ọjọ́ kan, mo sọ ohun tí ìyá ẹ̀ máa ṣe. Ọmọ fẹ́ jókòó, ó ṣubú, ó tún un ṣe. Àwọn aṣọ tí ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ àwọn aláìsàn ti bà jẹ́ ń gba ọwọ́ wa kọjá láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, ọmọ ọlọ́mọ ni mo sì fi ń gbé ọjọ́ lọ.

Lọ́jọ́ kan ni mo bi í pé, “Ìyá ìyá ọmọ yìí ń kọ́? Kò sí lókè eèpẹ̀ ni?”

“Ó wà. Wọ́n ń jà ni.”

“Ìjà wo ló tó ọmọ tuntun? Ìyá tó lè jókòó sílé ẹ̀ kí inú máa run ọmọ ọmọ ẹ̀, òkúta ló wà láyà ẹ̀.”

Adúmáadán dúró, ó di igun aṣọ mú, ó wò mí. “Ó ṣeé ṣe,” ó wí.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọ̀gá wa máa ń gbà kí òṣìṣẹ́ kó aṣọ ilé tirẹ̀ sínú ẹ̀rọ tó bá ṣófo. Kò-kàn-mí là ń pe ọ̀gá náà, torí ìdáhùn tó ń fún gbogbo ẹ̀dùn ọkàn nìyẹn. Ní ọjọ́ Ẹtì kan, Adúmáadán lọ gba ọṣẹ ní yàrá kejì, mo sì ń bá a yọ aṣọ ẹ̀ kúrò nínú ẹ̀rọ. Mo gbọ́dọ̀ sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ni àmì. Wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ló ní òwú tirẹ̀ létí aṣọ, àwọ̀ ewé fún àwọn ọmọdé, dúdú fún àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún. Èmi ni mo ń rán an, èmi ni mo sì ń fi í ya aṣọ. Nílé, mo ní àmì tèmi, òwú pupa méjì àti búlúù kan ní igun òsì. Ó wà lára gbogbo aṣọ tí ọmọ mi wọ̀ dàgbà. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ níléèwé fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, ó sunkún títí pé kí n tú u. N kò tú u.

Ìka mi ló kọ́kọ́ rí i, kí ojú mi tó rí i. Aṣọ ìbora kékeré ni, èyí tí mo fi wé ọmọ mi lọ́jọ́ tí mo gbé e kúrò nílé ìgbẹ̀bí. Mo jókòó sórí apẹ̀rẹ̀ aṣọ ìdọ̀tí. Inú rírun, ọmú tí ó kọ̀, ikọ́ tí Adúmáadán sọ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, gbogbo ẹ̀ jọ wọlé sí mi lórí. Ọmọ ìbátan kankan kò sí. Ọmọ ọmọ mi ni mo ti ń gbọ́ ìròyìn ẹ̀ fún oṣù méje bí ẹni ń gbọ́ ìròyìn ìlú òkèèrè.

Adúmáadán ti gbọ́n títí, ó ti gọ̀ síbi kékeré. Ẹni tó bá ti fi ọdún mẹ́tàdínlógún wo òwú létí aṣọ kì í rí i mọ́, èmi tí mo ń rán an nìkan ló kù tó ń rí i.

Ẹlòmíì á sunkún. Èmi mú àlùmọ́gàjí. Mo tú òwú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo ká aṣọ náà dáadáa, mo tẹ̀ ẹ́ sí ìsàlẹ̀ báàgì ẹ̀. Mo ní bí mi ò bá tó ẹni à ń sọ fún, kí wọ́n yáa gbàgbé ẹni tó ni aṣọ. Ó dùn mọ́ mi nínú títí mo fi délé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó di igun méjì mú, ó bẹ̀rẹ̀ bí ó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀.

“Ata, ọmọ yẹn ṣì ń…”

“Ọmọ ta ni?”

“Ọmọ ìbátan ọkọ mi.”

“Òpùrọ́.”

Ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Kò sẹ́. Ó ní ọmọ mi ló ní kí òun má sọ, pé òun ti ṣèlérí.

“Èmi lọ̀rẹ́ ẹ tàbí òun?” mo wí. “O mú ọmọ mi, o mú ọmọ ọmọ mi, o fi mí ṣe ẹni tí ń gba yín nímọ̀ràn. Àwọn èèyàn búburú tí mo mọ̀ láyé yìí, kò sí ìkankan nínú wọn tó fi ẹ̀rín ṣe tiẹ̀.”

Ó rìn wá pàdé mi pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́, torí aṣọ kò gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀. “Ta ló kọ́kọ́ bu ọ̀rọ̀ kù nídìí aṣọ? O ní ọmọ yẹn bú ẹ. Kò bú ẹ. Ó kúnlẹ̀ ni. Ìwọ lo sọ fún un pé, ‘Bí o bá bímọ fún un, má gbé e wá fún mi.’ O sọ ọ́ àbí o ò sọ ọ́?”

Mo sọ ọ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n èwo ni kí ẹlòmíì máa ṣa èèpo ẹ̀ kó mi lọ́wọ́?

“Má bá mi sọ̀rọ̀ mọ́,” mo wí. “Aṣọ nìkan ló pa wá pọ̀.”

“Ó tẹ́ mi lọ́rùn.”

Kò-kàn-mí yọjú. “Kò kàn mí o,” ó wí, “ṣùgbọ́n wọ́ọ̀dù kẹta ń retí aṣọ.”

Bí a ṣe dákẹ́ nìyẹn. A ń gbọ̀n aṣọ bí ẹni ń na olè. Mo ń dá a lóró, mo sì ń gbádùn ẹ̀, títí di ọjọ́ kẹta, nígbà tí mo rí i pé ara mi ni mò ń dá lóró. Ikọ́ ni ìròyìn tó gbẹ̀yìn. Ọmọ oṣù méje ń wúkọ́, n kò sì mọ̀ bóyá ikọ́ gbígbẹ ni tàbí ti kẹ̀lẹ̀bẹ̀, bóyá ara ẹ̀ gbóná, bóyá wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Nígbà tí aṣọ wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé bá dé, mo máa ń wá orúkọ onígbàjámọ̀ yẹn nínú ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀. Ẹni kan ṣoṣo tó lè dá mi lóhùn dúró síwájú mi, ẹ̀ẹ̀mẹta lórí aṣọ kọ̀ọ̀kan, n kò sì bi í. Ìgbéraga ni. N kò ní orúkọ mìíràn fún un.

Lónìí ni Adúmáadán fa aṣọ débi pé igun bọ́ lọ́wọ́ mi.

“Ìwọ lo tú òwú etí aṣọ ọmọ yẹn,” ó wí. Kò béèrè, ó sọ ọ́ ni.

“Aṣọ mi ni.”

“Ọmọ ẹ gbé e síwájú mi, ó ní kí ló já a. Mo rí ojú àlùmọ́gàjí níbẹ̀. Mo ní ẹ̀rọ ni. Irọ́ tí mo ti pa nítorí ẹ̀yin méjèèjì, ọ̀run ni wọ́n á ti bi mí.”

“Ta ló bẹ̀ ẹ́?”

“Òun ló bẹ̀ mí. Mo bí ọmọ mẹ́rin, Ata. Ṣé èmi ni mi ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ tínú ń run? Gbogbo ìbéèrè yẹn, ta lo rò pé ó ń béèrè? ‘Ẹ bá mi bi Mọ́mì, ẹ má sọ pé èmi ni.’ Tí mo bá dé, kì í jẹ́ kí n jókòó. ‘Kí ni wọ́n wí? Ṣé bí wọ́n ṣe wí i gẹ́lẹ́ nìyẹn?’ Èyí tí o ní òkúta ló wà láyà ìyá ẹ̀, ìyẹn nìkan ni mi ò sọ fún un.”

Mo bẹ̀rẹ̀ mú igun tó bọ́, kí ó má bàa rí ojú mi. Mo pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

“Ikọ́ yẹn ń kọ́?” mo wí. Ó jáde bí èébú.

“Ó ti lọ. Láti ọjọ́ Ẹtì tó kọjá.” Ó gbọ̀n aṣọ. “Ọmọ ẹ tún rán mi níṣẹ́ lánàá. Mo ti pinnu pé mi ò ní jẹ́ ẹ, torí ẹnu ẹ ò dáa.”

“Jẹ́ ẹ.”

“Ó ń gbìyànjú láti fi òwú rán àmì yẹn padà sétí aṣọ. Ó ti rán an lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń tú u. Ó ní kí n wá ọgbọ́n bi ẹ́, nínú pupa àti búlúù, èwo ló ń ṣáájú.”

Mo rántí ọmọbìnrin kékeré kan tó dì mọ́ aṣọ mi lẹ́nu ọ̀nà, tó ń sunkún pé kí n tú u. Ó dùn mí dé egungun. Inú sì tún bí mi, bóyá torí pé ìyẹn ni mo mọ̀ ọ́n ṣe jù.

“Pupa ló ń ṣáájú,” mo wí. “Ṣùgbọ́n sọ fún un pé kó fi òwú sílẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ ò gún, á kàn ba nǹkan jẹ́ ni. Kó gbé e wá fún mi.”

“Aṣọ náà?”

“Ṣé aṣọ ni mo ní kó má gbé wá?”

Adúmáadán rìn pàdé mi, ó gba igun méjèèjì lọ́wọ́ mi, mo bẹ̀rẹ̀ mú ìsàlẹ̀.