Ìlọ́po Mẹ́ta àti Àtẹ́lẹwọ́ Kan

Ojú-Ìwọ̀n ti la ẹnu àlùmọ́gàjí ńlá sí irin pẹlẹbẹ kan nígbà tí àbúrò rẹ̀ obìnrin figbe ta: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ dúró!"

Ojú-Ìwọ̀n dúró. Ta ni kò mọ ajórin yìí ládùúgbò? Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n bí òun, òun fúnra òun ló wọn aṣọ tí wọ́n fi gba òun. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ òní kì í ṣe eré. Táǹkì omi ilé ìgbẹ̀bí ni, ó fẹ̀ tó ìlọ́po méjì dúrọ́ọ̀mù, Ojú-Ìwọ̀n sì ti gé ìdí rẹ̀ roboto sílẹ̀. Irin kan ṣoṣo ló kù tí yóò yí ìdí náà ká di ara rẹ̀. Bó bá gé e kúrú, oṣù méjì gbáko ni àwọn agbẹ̀bí á fi máa pọn omi kí òmíràn tó dé.

"Ẹ ò wọ̀n ọ́n dáadáa," ni àbúrò rẹ̀ wí. Olùkọ́ ìṣirò ni.

"Èmi? Ìlọ́po mẹ́ta ìbú ìdí ẹ̀, kí n fi àtẹ́lẹwọ́ kan kún un. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Ogún ọdún tí mo ti ń ṣe dúrọ́ọ̀mù, omi ò jò rí, àfi omi ojú àwọn tó ń jowú mi."

"Dúrọ́ọ̀mù nìyẹn. Èyí tóbi jù ú lọ." Ó na bébà kan sí i. "Ìlọ́po mẹ́ta ìbú. Ẹ wá pín ìbú yẹn sí méje, kí ẹ fi ìdá kan kún un. Fọ́múlà ni."

Ojú-Ìwọ̀n wo bébà náà bí ẹni ń wo àlejò tó mọ ibi tí wọ́n ń kó ẹran pamọ́ sí.

"Ta ló fún ọ?"

"Inú ìwé ni."

"Ta ló fún ìwé?"

"Ó ti pẹ́, Bọ̀ọ̀dá. N ò mọ̀ ọ́n."

"Ẹ gbọ́ o! Ọ̀rọ̀ tí kò ní bàbá! Àbí ajórin òdìkejì ló rán ẹ? Mo rí yín lánàá, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín."

"Ọmọ ẹ̀ ni mò ń kọ́! Ẹ sáà fi okùn yí ìdí táǹkì yẹn ká."

"Okùn? Ọmọ iṣẹ́ ló ń fi okùn wọn nǹkan."

Àbúrò rẹ̀ pòṣé, ó gba ilé ìwé lọ.

Ìfura loògùn àgbà. Ojú-Ìwọ̀n wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó yọ okùn. Ó yí i ká ìdí táǹkì, ó tẹ́ ẹ sórí irin. Okùn kọjá àmì tó ti fà síbi tó fẹ́ gé ní odidi àtẹ́lẹwọ́ kan. Òógùn tó bò ó tó láti kún táǹkì. Ó wá wọn ti bébà: ibi tí okùn parí sí gan-an ló bọ́ sí.

Irọ́ ni, okùn ló fà. Ó mú òmíràn. Bákan náà ni. Ó lọ sídìí dúrọ́ọ̀mù àtijọ́, ó pín ìbú rẹ̀ sí méje. Ìdá kan jẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ géérégé, kò lé, kò dín. Ọ̀gá rẹ̀ ò sọ fún un rí pé ti dúrọ́ọ̀mù nìkan ni àtẹ́lẹwọ́ yẹn. Bóyá òun náà ò mọ̀.

Nígbà tí àbúrò rẹ̀ padà dé lọ́sàn-án, táǹkì ti dúró, etí irin fẹnu ko etí irin. Ojú-Ìwọ̀n kúnlẹ̀ nílẹ̀ láàárín abọ́, bàsíà, táyà àti ìdérí ìkòkò, okùn lọ́wọ́.

"Kí lẹ̀ ń wá?"

"Ẹyọ kan péré tí yóò purọ́."

"Ẹ ti rí i?"

Ojú-Ìwọ̀n fa abọ́ mìíràn mọ́ra. Ó wá ń ṣe é bíi pé ẹni tó fún ìwé ní ọ̀rọ̀ náà ti kúnlẹ̀ báyìí rí, tí kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́, tó ń wọn abọ́ ilé rẹ̀ títí abọ́ fi tán.