Ojú Rírán Mẹ́ta

"Ìgbà wo lẹ kọ́kọ́ rí i?" ni dókítà béèrè, bó ti ń wá bíírò rẹ̀.

"Oṣù tó kọjá, mà," ni ìyá ọmọ dáhùn, ó sì sáré wo ilẹ̀. Irọ́ ni.

Ọmọbìnrin rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà bí ẹni tí òtútù ń mú. Ọmọ ọdún mẹ́fà! Eyín iwájú tó ká kò tíì hù padà, ọmú ti yọ láyà rẹ̀. Irú kí lèyí, ẹ jọ̀ọ́?

Dókítà tẹ ikùn rẹ̀ lápá òsì, ọmọ náà sì fà sẹ́yìn. "Àwòrán tí a yà fi hàn pé nǹkan kan wú lára ilé ẹyin rẹ̀ níbí. Òun ló ń da họ́mónù sílẹ̀ tí ara rẹ̀ fi ń dàgbà ṣáájú ọjọ́. Tó bá jẹ́ pé oṣù kan péré ló fi dà báyìí, á jẹ́ pé ó ń yára wú nìyẹn, ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ. A máa ṣiṣẹ́ abẹ lónìí, a sì lè yọ ilé ẹyin yẹn kúrò."

"Tó bá... tó bá ti pẹ́ ńkọ́, mà?"

"Ó lè jẹ́ omi ló kóra jọ síbẹ̀. Irú ìyẹn máa ń wú, á tún fà, nígbà míì á lọ fúnra rẹ̀. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi béèrè?"

Ìyá ọmọ wo yunifọ́ọ̀mù tó wà lórí àga.

Télọ̀ ni, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló sì kó bá a. Nígbà tí yunifọ́ọ̀mù kọ́kọ́ fún ọmọ náà láyà, réésà ló mú, ó tú ojú rírán, ó fẹ̀ ẹ́. Ọ̀rá lásán ni, ó ní. Ó tún fẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó rán aṣọ sí i nínú kí ó má baà hàn, ó sì kìlọ̀ fún ọmọ náà: "Fọwọ́ bò ó. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rí i." Ẹnu ayé ló ń bẹ̀rù, ẹnu ìyá ọkọ rẹ̀ pàápàá.

Ó fa yunifọ́ọ̀mù náà yọ lórí àga, ó yí inú rẹ̀ síta. Ihò abẹ́rẹ́ tò síbẹ̀ ní ìlà mẹ́ta.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Irọ́ ni mo pa. Ìlà àkọ́kọ́ yìí ti tó oṣù mẹ́jọ."

Dókítà fi ìka tọ àwọn ìlà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò pariwo. Ó fa igi lé iṣẹ́ abẹ tó ti kọ sínú ìwé. "Ẹ̀jẹ̀ la máa kọ́kọ́ gbà. Mi ò ní kí ọkàn yín balẹ̀ o, àmọ́ a ò ní gbé e wọ tíátà lónìí."

Ìyá ọmọ mí kanlẹ̀. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀, tó ṣì káwọ́ mọ́ àyà.

"Òtútù ń mú ẹ ni?"

Ọmọ náà mi orí. "Ẹ ní kí n bò ó."

"Sọ ọwọ́ kalẹ̀, màmá mi. Kò sí nǹkan tó o ṣe."

Ọmọ náà wo dókítà, ó wo ìyá rẹ̀. Kò sọ ọ́ kalẹ̀.