Géèmù Tí Àbúrò Ọwọ́-Iná Ta Dé Òpin

Ọwọ́-Iná fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi, lórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ wọn. Kò gbé ojú sókè títí tó fi sọ ọ́ tán.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ta géèmù wò, bí ẹní ń ta ayò, kó tó dé ọjà. Àwọn tí kò mọ̀ ń jowú rẹ̀, wọ́n ní eré ló fi ń jẹun. Wọn ò mọ̀ pé láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ni yóò máa darí ọkùnrin inú géèmù lọ fi orí sọ ògiri, ògiri kan tẹ̀ lé òmíràn, kó lè mọ èyí tó máa jẹ́ kó kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Àbùkù tó bá rí, á kọ ọ́ ránṣẹ́. Nọ́ńbà ni ilé iṣẹ́ fi ń dá àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀, kì í ṣe orúkọ. Ìka rẹ̀ yá débi pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Ọwọ́-Iná.

Lọ́dún tí wọ́n ń ṣe géèmù kan tí wọ́n pè ní Ẹ̀san, ó jábọ́ lórí kẹ̀kẹ́, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì kán. Ọ̀gá ní kó máa ṣiṣẹ́ láti ilé. Kò jẹ́wọ́ fún ọ̀gá pé ọwọ́ náà ò lè di páàdì tí wọ́n fi ń darí géèmù mú, nítorí àwọn tó ń wá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jọ ń gbé, ló gba páàdì náà.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jókòó kẹ́ ẹ máa wo ọ̀gá."

"Ọ̀gá wo? Ìwọ tó o ti kú nígbà mẹ́tàdínlógún lójú kan láàárọ̀ yìí!"

"Kíkú náà la fi ń kọ́ ọ."

Ogójì ọjọ́ ló fi ta á dé òpin, lábẹ́ nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rí ohun tí ẹnikẹ́ni ò ní kó wá. Kí géèmù náà tó gbéra ni wọ́n ti pa ìyàwó akọni, kí inú lè bí ọkọ. Ibi gbogbo tí ọkọ yìí bá sì dé, obìnrin kan á kú, kí ìbínú rẹ̀ má baà rọlẹ̀. Àbúrò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ wọ́n sínú ìwé. Obìnrin mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà níbẹ̀. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló kú, ọ̀pọ̀ wọn ò sì tíì la ẹnu.

"Ṣé kí n kọ èyí náà mọ́ àbùkù?"

Ọwọ́-Iná rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn kì í ṣe àbùkù. Bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn."

Nígbà tí Ẹ̀san jáde, wọ́n gbé Ọwọ́-Iná ga lẹ́nu iṣẹ́. Àbúrò ṣe fídíò, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ ṣàlàyé ohun tó rí. Kò bú ẹnì kankan. Ó ní nítorí pé òun fẹ́ràn géèmù náà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe dun òun. Àwọn kan gbọ́, ilé ìwé kan tiẹ̀ ní kó wá bá àwọn ọmọbìnrin sọ̀rọ̀. Àfi ìgbà tí Bàbá Géèmù dá sí i. Ọkùnrin yìí ló ń sọ̀rọ̀ géèmù lórí ayélujára tí èrò ń wọ́ tẹ̀ lé e bí èèrà tẹ̀ lé ṣúgà.

"Ó ti ta á rí?" ló bi wọ́n. "Kó fi àkọsílẹ̀ pé ó ta á hàn wá."

Wọ́n wá orúkọ rẹ̀ títí láàárín àwọn tó ti ta á, wọn ò rí i. Ni èébú bá ń rọ́ lù ú. Òpùrọ́. Ẹni tí ò dé odò rí, tó ń sọ bí omi ṣe jìn. Lọ wá ọkọ fẹ́. Ilé ìwé náà kọ̀wé sí i pé kó má wulẹ̀ wá mọ́.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ṣáà sọ fún wọn."

"Wọ́n á lé mi. Jẹ́ kí ilẹ̀ rọ̀ ná."

Oṣù mẹ́ta kọjá, ilẹ̀ ò rọ̀. Ariwo náà dé etí ọ̀gá, ló bá pe àbúrò, Bàbá Géèmù àti àwọn òṣìṣẹ́ sípàdé. Ó ní bí ọmọbìnrin náà bá lè fi hàn pé òun mọ géèmù yìí, àwọn á mú un mọ́ àwọn tó ń kọ ìtàn èyí tó ń bọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Ọwọ́-Iná búra pé òun máa sọ òótọ́. Àbúrò bá a lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ń kọrin.

Inú gbọ̀ngàn kún. Ọ̀gá yíjú sí àbúrò. "Ẹ̀rí yín dà?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń wò. Ọwọ́-Iná dìde.

"Òótọ́ lohun tó sọ," ó ní. "Obìnrin mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló kú."

Ibẹ̀ ló fẹ́ ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ọwọ́ tó kán. Ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá Géèmù fúnra rẹ̀ fò dìde: "Bó bá jẹ́ Ọwọ́-Iná ló sọ ọ́, ọ̀rọ̀ ti bùṣe! Ẹni tó ta á ló mọ̀ ọ́n!" Ọ̀gá ní òun ò tún wá ẹlòmíì lọ, Ọwọ́-Iná náà ni kó wá jókòó ti àwọn tó ń kọ ìtàn. Ọwọ́-Iná sọ fún mi pé ohun tó burú jù ni pé àtẹ́wọ́ náà dùn mọ́ òun. Ó jókòó.

Lọ́nà ìta ló ti bá àbúrò rẹ̀, pẹ̀lú báàgì léjìká.

"Wọ́n ti gbà á gbọ́," ó ní. "Ṣebí ohun tá a fẹ́ nìyẹn?"

"Ẹ̀yin ni wọ́n gbà gbọ́, Bọ̀ọ̀dá mi."

"Mà á sọ ìyókù fún ọ̀gá lọ́la. Èmi àti òun nìkan."

"Ojú ayé ni wọ́n ti pè mí lópùrọ́. Ṣé kọ̀rọ̀ lẹ ti fẹ́ bá mi tún un ṣe?"

Lẹ́yìn Ọwọ́-Iná, ọ̀gá yọ orí jáde: "Ọwọ́-Iná, ìwọ là ń dúró dè o!"

Ó yíjú padà láti dáhùn, "Mo ń bọ̀, sà." Nígbà tó fi máa wo iwájú, àbúrò rẹ̀ ti dé ẹnu géètì. Ó fi orúkọ tí ìyá wọn ń pè é nílé kígbe pè é, lẹ́ẹ̀mejì. Ó rí i pé àbúrò gbọ́, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọdá títì, ó ń lọ nínú oòrùn ọ̀sán, kò sì wẹ̀yìn.