Bá Mi Níwájú Àga Ìyàwó Mi

Àbúrò mi ló jẹ́ kí n kúrò nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó wà ní kíláàsì kẹta, èmi wà ní ìkẹrin. Láàárín ọdún, àwọn tíṣà ní orí rẹ̀ pé jù, wọ́n mú un wá sí ìkẹrin, ó sì jókòó tì mí. Nígbà tí ọdún parí, ó bọ́ sí ìkarùn-ún, wọ́n ní kí èmi tún ìkẹrin kà. Mo gbé báàgì mi, mo gba ilé lọ. Láti ọjọ́ náà, mi ò kí i mọ́. Ẹbí ti bẹ̀ mí títí, ẹnu ti rẹ̀ wọ́n. Èmi ń fi lọ́rì kó yẹ̀pẹ̀. Òun di tíṣà físíìsì nílé ìwé ìrọ̀lẹ́ tí àwọn àgbàlagbà ń lọ.

Ibẹ̀ náà ni ìyàwó mi ń lọ. Ó fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, físíìsì ni kò jẹ́ kó rọ́nà lọ. Ó ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kẹta yìí sì ni ìgbà ìkẹyìn tí wọ́n ń gbà fún ẹnikẹ́ni.

Nílé ìwé yẹn, wọn kì í fi ìdánwò mọ sórí bébà. Ohun tí ìbéèrè bá wí ni wọ́n ń ṣe lójú títì. Akẹ́kọ̀ọ́ á gbé àga síbi tí ìṣirò rẹ̀ bá ní yóò ti ṣẹlẹ̀, á jókòó. Bó bá ṣẹlẹ̀ níwájú ẹ, o yege. Bí kò bá ṣẹlẹ̀, gbé àga ẹ máa lọ sílé.

"Baálé mi," ìyàwó mi wí lálẹ́ ọjọ́ kan tí mo ń jẹun, "lọ́rì yín ni wọ́n máa lò. Ẹ ṣáà máa wà á ní eré kan náà, mítà mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi kún un, ẹ má dín in kù. Mọ́tò kékeré kan máa dúró jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Bí ẹ bá ṣe ń kọjá lára ẹ̀ ló máa gbéra, eré ẹ̀ á máa gorí eré, títí tó máa fi bá yín."

"Tó máa fi bá ta ni?"

"Ẹ̀yin."

"Ta ló ń wa mọ́tò kékeré ọ̀hún?"

Ó gbójú sókè wo àjà. "Ọkọ mi kékeré."

Àbúrò mi ló ń pè bẹ́ẹ̀. Mo ju òkèlè ọwọ́ mi padà sínú abọ́.

"Ṣé kò sí lọ́rì míì láyé ni?"

"Ó wà. Ẹ bá mi ra ọ̀kan."

"Kò ní bá mi!"

"Igba mítà ni mo ṣírò. Bí ẹ bá fi ìka ẹsẹ̀ kan ṣoṣo sáré sí i, àga mi dòfo. Èmi lẹ fìyà jẹ yẹn, kì í ṣe àbúrò yín."

Mo fi ọwọ́ ti abọ́ sẹ́yìn.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, títì kún fún àga. Télọ̀ kan nínú kíláàsì ìyàwó mi gbé tirẹ̀ sẹ́yìn ibi tí a ti máa bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bi í léèrè, ó ní, "Ìṣirò mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Ta ni mo jẹ́ tí n ó bá a jiyàn?" Ìdáhùn wẹ́dà kan bọ́ sí pálọ̀ onílé kan lẹ́bàá ọ̀nà, ó jókòó síbẹ̀, ìyá onílé ní kó gbé ẹsẹ̀ sókè kóun lè gbálẹ̀. Ti onígbàjámọ̀ kan já sí ìlú kejì. Ó ti wọ bọ́ọ̀sì lọ látàárọ̀ pẹ̀lú àga rẹ̀, ó wá ń fi fóònù béèrè pé, "Ṣé wọ́n ti ń bọ̀?"

Olùyẹ̀wò, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, fọn fèrè.

Mo kọjá lára àbúrò mi. Mo wo dígí: ó ń kéré, ó ń kéré, ó dà bí ìdun. Inú mi dùn dé ìdí. Àṣé báyìí ló ṣe ń rí lára ẹni tó bá wà níwájú! Nígbà tó yá, kò kéré mọ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ń yún mi bíi pé èèrà wà nínú bàtà. Ó kù díẹ̀ kí n tẹ iná. Mo rí ìyàwó mi níwájú, ó di apá àga mú, ó di ojú. Ó ti pẹ́ tí mo ti bínú sí ọkùnrin yìí kí n tó mọ obìnrin yìí rárá, ìbínú náà sì ni àgbà nínú ilé wa. Mo bú ẹsẹ̀ náà. Mo bú u tìyá tìyá. Ó dúró síbi tó wà.

Níwájú àga ìyàwó mi gan-an ni imú mọ́tò méjèèjì ti ṣe déédéé. Àbúrò mi yọrí lójú fèrèsé láti kí mi, ṣùgbọ́n eré tirẹ̀ ti di ìlọ́po méjì tèmi. "Ẹ káà" nìkan ló wọlé sọ́dọ̀ mi. Ó gbé ìyókù lọ.

Fèrè dún. Nínú dígí, mo rí ìyàwó mi tó gun orí àga, tó ń pariwo, tí olùyẹ̀wò ń bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ̀ kalẹ̀ kó wá gba máàkì rẹ̀.

Nígbà náà ni mo wá tẹ iná. Ìbéèrè ti parí. Kò sẹ́ni tó sọ ohun tí lọ́rì máa ṣe lẹ́yìn ìdáhùn. Àbúrò mi náà kò dúró, nítorí kò sí níbi kankan nínú ìbéèrè pé kí mọ́tò kékeré dúró. A sáré kọjá afárá, a kọjá ilé epo, a sáré dé ibi tí ilé ti tán.

Níbẹ̀ ni mọ́tò rẹ̀ ti ń rú èéfín lẹ́bàá ọ̀nà. Ó nawọ́ dá mi dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, rédíétọ̀ ti gbẹ. Ṣé ẹ lómi?"

Mo sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì mi. Mo ní kó sún sẹ́yìn kí ooru má bàa bó o lọ́wọ́. Mo rọ omi sí i títí ó fi kún, mo fi àkísà dé ọmọrí rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí ọ̀dà gbígbóná, ó ń dúpẹ́.

Mo gun lọ́rì mi padà. Mi ò kí i.